Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dísíìkì yín? BitLocker, FileVault, LUKS àti VeraCrypt lórí ìwọ̀n kan náà

Páásíwọ́ọ̀dù tí Windows ń béèrè kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé kò dáàbò bo fáìlì kankan lọ́wọ́ ẹni tó ti gbé kọ̀ǹpútà náà lọ. SSD, dísíìkì tí fáìlì ń gbé, inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, skúrù kan ṣoṣo ló sì dì í mú. Olè tó bá yọ ọ́, tó fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò ka gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni pé kí dátà orí dísíìkì fúnra rẹ̀ ti di àrokò tí kò ṣeé tú láìní kọ́kọ́rọ́. Títì dísíìkì pa ni a ó máa pe iṣẹ́ yìí, ètò mẹ́rin tí a dárúkọ lókè ló sì ń ṣe é.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ bi ni pé, "AES 128 ni àbí 256?" Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó gba oorun lójú yín. AES, ọ̀nà tí a fi ń sọ dátà di àrokò, ni gbogbo wọn ń lò bí ẹ kò bá yí i padà, nọ́ńbà náà sì ni gígùn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì sí olè tó máa jókòó ti AES 128 pé òun fẹ́ fọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ ni yóò wá. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn sí ni wọ́n ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ni dísíìkì ti máa ń pàdánù dátà ara rẹ̀.

| | Ibi tó ń ṣiṣẹ́ | Ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà | Ohun tó sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ |
|---|---|---|---|
| BitLocker | Windows | Ṣíìpù TPM (ṣíìpù ààbò inú kọ̀ǹpútà), pẹ̀lú ẹ̀dà nínú àkáǹtì Microsoft | Ìyípadà BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù, kí kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà oní-nọ́ńbà 48 má sì sí nítòsí |
| FileVault | Mac | Ṣíìpù Apple àti páásíwọ́ọ̀dù yín | Mọ́dábọ́ọ̀dù tó kú |
| LUKS | Linux | Páásíwọ́ọ̀dù yín nìkan | Ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì (orí rẹ̀) tí nǹkan mìíràn kọ lé |
| VeraCrypt | Windows, Mac, Linux | Páásíwọ́ọ̀dù yín nìkan | Ẹni tó tẹ "Format" |

BitLocker

Ó lè ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Láti orí Windows 11 24H2, bí ẹ bá fi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé, yóò ti dísíìkì pa fúnra rẹ̀. Windows Home pàápàá ń ṣe é, Device Encryption ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ẹ tẹ:

`manage-bde -status C:`

Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Key Protectors sí. Bó bá jẹ́ TPM àti Numerical Password (kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà) nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ṣíìpù TPM ló mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ń gbé e kalẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá tan kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó yọ SSD nìkan kò rí nǹkan kan kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé odidi kọ̀ǹpútà lọ ti gbé ilé pẹ̀lú ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, olùṣèwádìí kan fi Raspberry Pi Pico, pátákó kékeré tí kò wọ́n rárá, kan àwọn ojú wáyà tó so TPM mọ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) lórí kọ̀ǹpútà Lenovo àtijọ́ kan. Ó ka kọ́kọ́rọ́ náà bó ṣe ń kọjá lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 43 péré ló gbà á. Ìdí ni pé ṣíìpù ọ̀tọ̀ ni TPM lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì ń gba orí wáyà kọjá níhòòhò. Bí TPM bá wà nínú CPU fúnra rẹ̀, kò sí wáyà tí ènìyàn lè fetí sí. Ìyẹn náà kò ní kí ẹ sùn lọ: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 kan náà, níbi àpéjọ Chaos Communication Congress ní Hamburg, olùṣèwádìí Thomas Lambertz fi àlébù CVE-2023-21563 hàn. Wọ́n ń pè é ní bitpixie. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti kíbọ́ọ̀dù tó fún un, kò sídìí láti tú skúrù kankan. Ó mú kí kọ̀ǹpútà fi ètò ìtanná (bootloader) Windows àtijọ́ kan jí, èyí tó máa ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà), ó wá jí Linux láti wá a níbẹ̀.

PIN ló ń dí ọ̀nà méjèèjì yìí. Bí ẹ bá ní Windows Pro, ẹ ṣí `gpedit.msc`, kí ẹ lọ sí Computer Configuration, Administrative Templates, Windows Components, BitLocker Drive Encryption, Operating System Drives. Ẹ tan "Require additional authentication at startup", kí ẹ sì gba PIN láàyè nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

`manage-bde -protectors -add C: -TPMAndPIN`

Ẹ padà wo `-status`. Bí TPM lásán bá ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ TPM And PIN, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ ti sọ ti iwájú di asán. PIN náà lè jẹ́ nọ́ńbà 6 sí 20. Nọ́ńbà 6 kéré lójú, ṣùgbọ́n TPM fúnra rẹ̀ ló ń ka iye ìgbà tí ènìyàn ṣì í, ó sì máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń méfò. Windows Home kò ní `gpedit`, ẹni tó ń lò ó kò rí PIN yìí lò. Ẹ fi Device Encryption sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì sàn ju dísíìkì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu lọ fíìfíì.

Nọ́ńbà 48 ló kù. Òun ni kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà, ó sì ń ṣí dísíìkì láìsí TPM, láìsí PIN. Bí Windows bá ti ti dísíìkì pa nípasẹ̀ àkáǹtì Microsoft, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àkáǹtì náà. Ẹni tó bá jí páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì yẹn ti ní in, ìjọba tó bá mú àṣẹ ilé-ẹjọ́ wá bá Microsoft náà lè gbà á. Fún ẹni tó ń bẹ̀rù olè lásán, kò burú, ó tiẹ̀ ń gbani lọ́jọ́ tí ìwé bá sọnù. Fún akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀:

`manage-bde -protectors -delete C: -Type RecoveryPassword`
`manage-bde -protectors -add C: -RecoveryPassword`

Èyí tó wà nínú àkáǹtì kò ní ṣí nǹkan kan mọ́. Ẹ kọ tuntun àti ID tó wà lókè rẹ̀ sórí ìwé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má tíì pa kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ẹ kọ ọ́ dáadáa: ọ̀wọ́ 8 ni nọ́ńbà náà pín sí, nọ́ńbà 6 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 11 láìṣẹ́kù. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò. Bí 417153 bá wà lórí ìwé yín, ẹ pín in sí 11, ó jẹ́ 37923 gédégédé. Bí ó bá ṣẹ́kù, ẹ ti ṣi nọ́ńbà kan kọ nínú ọ̀wọ́ yẹn. Kò sì sí ọ̀wọ́ tó lè kọjá 720885.

Ìgbà wo ni Windows ń béèrè rẹ̀? Nígbà tí ohun tí TPM mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà bá yí padà: BIOS tuntun, Secure Boot tí ẹnìkan pa, mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n pààrọ̀. Kí ẹ tó fi BIOS tuntun sí i, ẹ tẹ `Suspend-BitLocker -MountPoint C: -RebootCount 1` nínú PowerShell, kò ní bèèrè. Ẹ rántí 19 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, kan da nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dùbúlẹ̀. Fáìlì kan péré ni kí wọ́n pa rẹ́, ṣùgbọ́n lórí èyí tí BitLocker tì, nọ́ńbà 48 ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ tẹ̀. Àwọn kan tó fi gbogbo nọ́ńbà náà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wá rí i pé kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ti dùbúlẹ̀. Orí ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

LUKS

Lórí Linux, LUKS ni, òun ló sì wù wá jù nínú gbogbo wọn. Kò sí àkáǹtì, kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀dà. Ẹni tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní ẹni tó máa ké sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà. Páásíwọ́ọ̀dù yín kọ́ ló ń ti dátà pa. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kan wà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì gan-an, tí a ń pè ní orí rẹ̀ (header), ló wà, nínú àwọn ihò tí páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dì. LUKS1 ní ihò 8, LUKS2 lè ní 32. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ní ìṣẹ́jú kan láìsídìí láti tún gbogbo dísíìkì tì. Ìdí nìyí pẹ̀lú tó fi jẹ́ pé bí orí yẹn bá bàjẹ́, 16 MiB péré ní LUKS2, páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà jù lọ kò lè ṣí ohunkóhun. Bórí bá ti lọ, ara ti di òkú. Kì í ṣe olè ló sábà ń bà á jẹ́: ẹni tó ń fi Windows sí ẹ̀gbẹ́ Linux tó yan ibi tí kò yẹ, tàbí ẹni tó tẹ `dd`, àṣẹ tó ń kọ nǹkan lé dísíìkì, tó sì kọ `sda` níbi tó yẹ kó kọ `sdb`. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ `lsblk -f`, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ crypto_LUKS sí, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò `nvme0n1p3` nínú àwọn àṣẹ wa, kí ẹ wá ṣe ẹ̀dà orí náà:

`sudo cryptsetup luksHeaderBackup /dev/nvme0n1p3 --header-backup-file ori-luks.img`

Ẹ gbé `ori-luks.img` lọ sórí USB mìíràn, kó má sùn sínú dísíìkì tó fẹ́ gbà là. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ẹ̀dà yìí mọ páásíwọ́ọ̀dù tó wà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá jò sí ẹnìkan lọ́wọ́, tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀, páásíwọ́ọ̀dù tó jò yẹn ṣì ń ṣí ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ pa ẹ̀dà àtijọ́ run, kí ẹ ṣe òmíràn.

Linux yín ti pẹ́ bí? `sudo cryptsetup luksDump /dev/nvme0n1p3` yóò sọ Version fún yín. LUKS1 ń lo PBKDF2, ọ̀nà kan tó ń sọ páásíwọ́ọ̀dù di kọ́kọ́rọ́, GPU (ṣíìpù àwòrán) kan sì lè méfò páásíwọ́ọ̀dù ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà lórí rẹ̀. LUKS2, tó di èyí tí cryptsetup ń lò fúnra rẹ̀ láti 2.1 ní 2019, ń lo Argon2, tó ń jẹ RAM púpọ̀ fún ìméfò kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé GPU kò ráyè to ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Matthew Garrett, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ Linux, ké sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n kúrò lórí ti àtijọ́. Ó tọ̀nà. Ẹ jí kọ̀ǹpútà láti orí USB Linux, nítorí dísíìkì náà kò gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà orí, lẹ́yìn náà:

`cryptsetup convert /dev/nvme0n1p3 --type luks2`
`cryptsetup luksConvertKey /dev/nvme0n1p3 --pbkdf argon2id`

Ẹ dúró ná o. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù kí àtòjọ GRUB, ètò tó ń jí Linux, tó yọjú, a jẹ́ pé `/boot` wà nínú ibi tí ẹ tì pa, GRUB ló sì ń ṣí i. GRUB 2.06 àti 2.12 kò mọ Argon2. Bí ẹ bá ṣe ìgbésẹ̀ kejì yẹn, kọ̀ǹpútà kò ní jí mọ́. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn GRUB ló ń béèrè, kò séwu.

`systemd-cryptenroll` lè fi kọ́kọ́rọ́ LUKS sínú TPM, bíi ti BitLocker. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó fi `--tpm2-with-pin=yes` kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti gbé àìsàn BitLocker wá sílé.

VeraCrypt

Fún USB àti dísíìkì àgbéká tó ń ti orí Windows bọ́ sórí Mac, tó tún bọ́ sórí Linux, kò sí èyí tó tó o. Ara TrueCrypt, ètò àtijọ́ irú rẹ̀, ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 2013, ọdún kan ṣáájú kí àwọn tó ni TrueCrypt tó pa á tì. Ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, àwọn àgbà iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ààbò QuarksLab sì yẹ̀ ẹ́ wò ní 2016. Bí ẹ bá ṣì ní àpótí (fáìlì tí a tì pa) TrueCrypt níbì kan, VeraCrypt 1.25.9 ló kẹ́yìn nínú àwọn tó lè ṣí i. Ẹ kó ohun inú rẹ̀ jáde.

Jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ jù rèé. Ènìyàn ti odidi dísíìkì USB pa. Lọ́jọ́ kan, òun tàbí ẹlòmíràn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows. Windows kò mọ ohun tó wà lórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe Format rẹ̀ kí wọ́n tó lè lò ó. Ọwọ́ yá, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ti odidi dísíìkì pa. Ẹ fi dísíìkì sílẹ̀ ní exFAT (ìtò fáìlì tí Windows, Mac àti Linux ń kà), kí ẹ dá àpótí VeraCrypt sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Ẹ yẹra fún FAT32, kò lè gba fáìlì tó tó 4 GB. Bí ẹnìkan bá ti tẹ Format ná, ẹ má kọ nǹkan kan mọ́ sórí dísíìkì náà: VeraCrypt máa ń fi ẹ̀dà orí rẹ̀ sí ìparí, Restore Volume Header lábẹ́ Tools sì lè gbà á padà. Ohun tí Format ti kọ lé lórí ti lọ, ìyókù ń padà wá.

VeraCrypt tún lè ti dísíìkì tí Windows fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pa. A kì í gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ àyàfi lórí Windows Home tí ẹ kò bá fẹ́ kí Microsoft mú kọ́kọ́rọ́ kankan. Bí Windows bá ṣe ìmúdójúìwọ̀n ńlá, ó lè da ètò ìtanná VeraCrypt rú, USB ìgbàlà rẹ̀ ni yóò sì kù fún yín. Àpótí ìkọ̀kọ̀ tí VeraCrypt lè fi pamọ́ sínú àpótí mìíràn lókìkí, ṣùgbọ́n lórí SSD ẹ má gbára lé e: SSD máa ń kọ nǹkan sí ibòmíràn láìsọ fúnni, àmì àtijọ́ sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀.

FileVault

Kò gba àròjinlẹ̀: ẹ tàn án. Lórí Mac tó ní ṣíìpù T2 tàbí ti M1 sókè, dátà ti di àrokò láti ilé-iṣẹ́. FileVault kàn ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ páásíwọ́ọ̀dù yín ni, ìdí nìyẹn tó fi ń parí lójú ẹsẹ̀. Yóò bi yín bóyá iCloud ni kó máa gbà yín là tàbí kó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ oní-lẹ́tà 24. Ẹ gba ti lẹ́tà 24. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá kú, kọ́kọ́rọ́ inú ṣíìpù ti bá a lọ, kò sì sí oníṣẹ́ tó lè gbà á padà. Time Machine, ètò tí Mac fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, lórí dísíìkì mìíràn ni ìgbàlà.

SSD tó ń ti ara rẹ̀ pa ńkọ́?

Àwọn SSD kan ń polówó pé àwọn ń ti dátà pa fúnra wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 2018, Carlo Meijer àti Bernard van Gastel ní Radboud University ní Netherlands yẹ Crucial MX100, MX200, MX300, Samsung 840 EVO, 850 EVO, T3 àti T5 wò. Lórí àwọn kan, páásíwọ́ọ̀dù kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́: sọ́fítíwíà inú SSD kàn ń bèèrè ni, ẹni tó bá sì yí sọ́fítíwíà náà padà lè fi páásíwọ́ọ̀dù èyíkéyìí wọlé. BitLocker nígbà náà máa ń fọkàn tán irú SSD bẹ́ẹ̀, kì í ti nǹkan kan pa fúnra rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni Microsoft yí ìyẹn padà. CPU Intel ti ń ṣe AES fúnra rẹ̀ láti 2010, kò sídìí láti gbé ẹrù yìí fún SSD. `cryptsetup benchmark` yóò fi hàn yín: ìlà aes-xts tó bá wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún MiB/s kò ní dí yín lọ́wọ́.

Ohun tó kan gbogbo wọn

Kọ̀ǹpútà tó ń sùn kò tì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú RAM ní gbogbo ìgbà tí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú. Àwọn olùṣèwádìí Princeton fi hàn ní 2008 pé bí wọ́n bá mú RAM tutù dé ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí iná lọ, ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ pa á, tàbí kí ẹ lo hibernate, tó ń kó ohun inú RAM sórí dísíìkì kó tó paná.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá yín kò tíì jí. Ẹ má fi ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn sínú páásíwọ́ọ̀dù, ẹ kò ní rí i tẹ̀. Ẹ má sì fi òwe ṣe é, bó ti wù kó gùn tó. Òwe tí ẹ mọ̀, ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí ẹ fi dáìsì olójú mẹ́fà yàn láti inú àkójọ ọ̀rọ̀ 7776, tí kò sí ìtumọ̀ kankan láàárín wọn, ló lágbára.

Kí ẹ tó gbé ìwé pamọ́, ẹ dán an wò. LUKS: `cryptsetup open --test-passphrase /dev/nvme0n1p3`. FileVault: `sudo fdesetup validaterecovery`, yóò sì dáhùn true. BitLocker: ẹ tẹ `manage-bde -protectors -get C:`, kí ẹ fi ID tó wà lókè nọ́ńbà 48 wé èyí tí ẹ kọ sórí ìwé. Ojú ìgbàlà Windows yóò fi ID náà hàn yín, bí lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ wọn kò bá bára mu, ìwé kọ̀ǹpútà mìíràn ni ẹ mú dání.